Ìgò Méjì, Ènìyàn Márùn-ún: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ọkọ̀ Kan ní Àkúrẹ́

Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́ ti lọ díẹ̀. Corolla kan gbéra níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta àsun ní Alágbàká, ó bọ́ sí òpópónà Ọba Adésídà, ó kọrí sí apá Ọjà Ọba. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án mọ bó ṣe máa ń rí: kẹ̀kẹ́ Maruwa níhìn-ín, táàsì tó dúró lójijì lọ́hùn-ún, àwọn tó ń sá kọjá láàárín ọkọ̀. Lóru, á dá páropáro, á sì tẹ́ lọ gbọọrọ níwájú awakọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí wọ́n gbéra tí táyà iwájú ọwọ́ òsì fi gun etí kọnkéré tó pín ọ̀nà sí méjì.

Rííǹmù méjì tẹ̀. Ọpọ́n epo abẹ́ ẹ́ńjìnnì là, epo dà sílẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó jókòó láàárín lẹ́yìn, tí kò de bẹ́líìtì, fò gba àárín ìjókòó méjèèjì iwájú kọjá, ó fi ẹnu gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Eyín méjì yọ, egungun tó so igbá àyà pọ̀ mọ́ èjìká ṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà á jáde ní apá tó ṣẹ́ yẹn gan-an, wọ́n gbé e ka orí ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó rántí 122, nọ́mbà ọ̀fẹ́ tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń dáhùn. Ká ní egungun ọrùn ló ṣẹ́ ni, ọ̀kadà yẹn nìkan ti tó láti sọ ọ́ di ẹni tí kò ní dìde mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò kú. Ìdí pàtàkì tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi wúlò fún àwọn olùkọ́ awakọ̀, àwọn òbí àti gbogbo ẹni tó ń bá ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àwọn márààrún wà láàyè, oníkálukú sì lè sọ tẹnu rẹ̀. A kò ní dárúkọ ẹnì kankan. Ibi tí wọ́n jókòó sí la ó fi máa pè wọ́n: Awakọ̀, Ẹni-Iwájú, Ẹni-Àárín tó fara pa, Oní-Fóònù, tó wà lẹ́yìn Awakọ̀, àti Ẹni-Ẹ̀gbẹ́, tó wà lẹ́yìn Ẹni-Iwájú. Ẹni-Ẹ̀gbẹ́ yìí, ẹ fi í sọ́kàn.

Awakọ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó ń kàwé nílùú, ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ. Màmá ló ni ọkọ̀. Lójú òfin, kò sí nǹkan tó wọ́: ó ti ju ọmọ ọdún 18 lọ, láìsẹ́ǹsì rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, ó kọ́ ọkọ̀ níléèwé awakọ̀, kò sì fi owó ra ìwé. Àmọ́ oṣù méje péré ló fi ní láìsẹ́ǹsì náà. Nínú oṣù méje yẹn, ọ̀sán ló fi ń gbé ẹrù Màmá, Màmá á sì jókòó tì í. Iye ìgbà tó ti wakọ̀ lóru kò pé mẹ́wàá. Iye ìgbà tó ti kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin lóru? Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìkejì.

Ohun tí ilé kọ́kọ́ ṣe

Ìpàdé ẹbí wáyé lọ́jọ́ Àìkú. Màmá wà níbẹ̀, àbúrò Màmá tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá náà wà níbẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlógójì. Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọlọ́run ló yọ ẹ́," Màmá wí. "Ọtí yìí, o ò tún gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án mọ́."

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò ní mu ún mọ́."

Wọ́n gbé Bíbélì síwájú rẹ̀, ó búra. Màmá gba kọ́kọ́rọ́, ó so ó mọ́ etí ìró. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ parí.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni. Mẹkáníìkì tún ọkọ̀ ṣe tán, ẹrù dé láti Èkó, Màmá kò lè wakọ̀, Bọ̀ọ̀dá wà níbi iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú nítorí iṣẹ́, kò sì padà sí etí ìró mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó mu ìgò stout ńlá kan, ó kó ènìyàn mẹ́ta, ó gbé oníkálukú délé, òun náà délé. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ọkọ̀, tí Bọ̀ọ̀dá wá lọ ké sí nígbà tó gbọ́, sọ pé àlàáfíà tí ọmọ náà bá délé lọ́jọ́ yẹn burú ju kọnkéré tó gbá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn lè dún bí àsọdùn, àmọ́ ẹni tó bá ti kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ mọ ohun tó ń wí. Ìjàǹbá kan máa ń dẹ́rù bani fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìrìn àlàáfíà kan lẹ́yìn ọtí máa ń kọ́ awakọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, pé ti tẹ́lẹ̀ yẹn, èèṣì ni. Ara á sì gba ẹ̀kọ́ kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé òun ló bá ohun tó wù ú mu.

Kí ló ba ìbúra náà jẹ́? Kì í ṣe pé ọmọ náà jẹ́ aláìnígbàgbọ́. Ọtí nìkan ni ìbúra náà mẹ́nu bà. Kò sọ nǹkan kan nípa alẹ́, nípa iye ènìyàn tí yóò wà nínú ọkọ̀, tàbí ohun tó yẹ kó ṣe bí ọtí bá ti wọ ara rẹ̀ tán tí àwọn ọ̀rẹ́ sì ń retí kó gbé wọn lọ. Ẹni tó bá ti búra pé òun kò ní mu kò lè pe ilé sọ pé òun ti mu. Ìbúra yẹn fúnra rẹ̀ ló dí ọ̀nà ìpè mọ́ ọn lẹ́nu.

Olùkọ́ náà kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe tirẹ̀. Ó kó fọ́tò ọkọ̀ tó rún àti ẹ̀jẹ̀ ojú títì dání, ó fi hàn wọ́n. Màmá kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Awakọ̀ wo fọ́tò, ó mi orí, ó ní, "Àwọn yẹn ti yó bàjẹ́ nìyẹn, Sà." Òun kò yó. Ìgò méjì lòun mu lọ́jọ́ ọjọ́un. Fọ́tò kò rí i bá wí.

Àga márùn-ún

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni pé olùkọ́ dẹ́kun bíbi Awakọ̀ léèrè. Ó mú páálí kan, ó ya àga márùn-ún sí i, ó sì ní kí wọ́n bá òun wá àwọn mẹ́rin yòókù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pè wọ́n pọ̀, torí bí wọ́n bá péjọ, ẹni tó lẹ́nu jù ló máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á ní "bó ṣe rí nìyẹn." Ìbéèrè kan náà ló bi gbogbo wọn: kí lo mu, irú ìgò wo, aago mélòó lo bẹ̀rẹ̀, kí lo gbọ́ nínú ọkọ̀, kí lo sọ?

Ẹni-Àárín, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, kò rántí nǹkan púpọ̀. Ẹni-Iwájú rẹ́rìn-ín, ó ní ìgò mẹ́rin lòun mu, òun sì kàn ń ṣeré. Oní-Fóònù ló mú fídíò jáde. Ó ti gbé apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sí orí WhatsApp rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí wọ́n tó gbéra rárá, apá kejì, tó yà nínú ọkọ̀, ló sì wà nínú fóònù: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì, tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn, tí ó fi èjìká Awakọ̀, mítà ọkọ̀ àti iná òpópónà hàn.

Olùkọ́ wo fídíò náà bí ìgbà méje. Ní àáyá mẹ́jọ, mítà wà lórí 70. Ní àáyá kẹtàdínlógún, iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Maruwa kan hàn níwájú, Awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù fúnra rẹ̀. Mítà sọ̀kalẹ̀ dé 50, ìwọ̀n tí òfin gbà fún mọ́tò kékeré nínú ìlú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ní àáyá kejìlélógún, ohùn Ẹni-Iwájú: "Ṣé bí ìyá àgbà lo ṣe fẹ́ máa gbé wa lọ ni? Fún un níná jàre!" Àwọn méjì lẹ́yìn hó. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: 60, 75, 90. Ní àáyá kẹrìnlélọ́gbọ̀n, Ẹni-Iwájú na fóònù tirẹ̀ sí Awakọ̀ kó wo nǹkan kan. Awakọ̀ yí ojú sí i, ó padà, ó tún yí ojú. Lẹ́yìn náà, ariwo.

Ní 90, ọkọ̀ ń jẹ mítà 25 ní àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé ojú kúrò lọ́nà fún àáyá méjì ti rin àádọ́ta mítà láìríran. Iná ojú títì kò sí ní gbogbo ibẹ̀, etí kọnkéré yẹn kò sì ní àmì tó ń dán.

Ohun tó ṣe pàtàkì nínú fídíò náà wà ní àáyá kẹtàdínlógún. Ọmọ náà ti dín eré kù. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, láìka ọtí sí. Ó rí kẹ̀kẹ́, ó gbé ẹsẹ̀. Àáyá márùn-ún péré ni ìpinnu rere yẹn fi pẹ́ láyé. Nígbà tí olùkọ́ dá fídíò dúró níbẹ̀ tó sì fi han Awakọ̀, ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Mi ò rántí pé mo ti rọra ń lọ, Sà." Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń bá a wí, ohun tó ń gbọ́ ni pé òun jẹ́ ẹni tí kò ní làákàyè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan fi hàn án pé ó ní in, pé ẹlòmíì ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kù Ẹni-Ẹ̀gbẹ́. Kí lo mu? "Mọ́ọ̀tì méjì." Kò mutí rárá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣé o mọ ọkọ̀ wà? "Bẹ́ẹ̀ ni, Sà. Láìsẹ́ǹsì mi ti pé ọdún méjì." Kí ló dé tí ìwọ kò fi wà á? "Wọn ò bi mí." Kí ló dé tó ò sọ pé kó rọra? Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n á ní mo tún ti ń ṣe pásítọ̀."

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ẹbí fi ń sọ pé ọtí ló fà á, awakọ̀ kan tó dá ṣáṣá, tó ní láìsẹ́ǹsì, wà nínú ọkọ̀ náà, ó de bẹ́líìtì, ó jókòó lẹ́yìn, ó dákẹ́. Ẹni tó mu jù lọ ló wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó sítíárìn. Ká ní wọ́n pààrọ̀ àga ni, ìtàn yìí kò ní sí.

Ìṣirò ìgò méjì

Ọtí náà ní láti gba tirẹ̀ o. "Ìgò méjì péré" ni ọ̀rọ̀ tí Awakọ̀ ń fi gbèjà ara rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Olùkọ́ ní kó mú bírò.

Ìgò bíà ńlá wa jẹ́ mìlílítà 600. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, mìlílítà 30 nínú rẹ̀ ni ògidì ọtí. Ògidì ọtí fúyẹ́ ju omi lọ: mìlílítà kan rẹ̀ wọn bíi gíráàmù 0.79. Ìgò kan ní bíi gíráàmù 24, méjì bíi 47. Stout tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5 tó ìgò bíà kan àbọ̀, nítorí náà "ìgò kan" ọjọ́ Ẹtì kejì yẹn kì í ṣe ìgò kan rárá. Ọ̀nà ìṣirò tí Widmark ará Sweden gbé jáde lọ́dún 1932 ni wọ́n lò: fi ìwọ̀n ara lọ́nà 0.68 fún ọkùnrin, 0.55 fún obìnrin, kó o fi ohun tó o rí pín gíráàmù ọtí, kó o sì tún fi mẹ́wàá pín èsì rẹ̀. Awakọ̀ wọn kílò 64. Ìgò méjì gbé ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé bíi gíráàmù 0.11 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń yọ bíi 0.015 kúrò ní wákàtí kan. Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àbọ̀, ó wọ ọkọ̀ ní mẹ́wàá àbọ̀. Ohun tó kù jẹ́ bíi 0.065. Òfin ìrìnnà wa dá a dúró sí 0.05.

Ìṣirò lásán ni, kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ara ń yàtọ̀ sí ara, àsun àti iyán inú á sì mú kí ọtí rọra wọ ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ kì í pa á run, omi tútù kì í pa á run, kọfí kì í pa á run, àgbo kì í pa á run. Aago nìkan ni. Ẹni kílò 64 tó bá mu ẹyọ ìgò ńlá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè gun 0.05 kọjá díẹ̀. Ohun tí gbogbo ilé ọtí ń pè ní "mo kàn tọ́ ọ wò" nìyẹn. Awakọ̀ tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ibi tó ti ṣì í.

Ní irú ìwọ̀n yẹn, ènìyàn kì í ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣì mọ́lẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ lọ ni agbára láti ṣe nǹkan méjì pọ̀, kí a máa wo ọ̀nà ká sì máa gbọ́ ẹ̀fẹ̀, àti ìjánu tó ń sọ fúnni pé "má dá a lóhùn." Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó ń hó ń béèrè fún àwọn nǹkan méjèèjì yìí gan-an, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwádìí lórí èyí pọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg ti Temple University tẹ iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn wa ọkọ̀ inú géèmù, nígbà mìíràn ní àwọn nìkan, nígbà mìíràn níṣojú ẹgbẹ́ wọn. Níṣojú ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 fi ara wéwu ní ìlọ́po méjì. Àwọn ọdún 18 sí 22, bíi ìdajì lé. Àwọn tó ti ju 24 lọ, kò mú wọn yàtọ̀. Kò sì sí ọtí kankan níbẹ̀. Lọ́dún 2012, AAA Foundation, àjọ kan níbẹ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ààbò ojú pópó, ṣe àyẹ̀wò àwọn awakọ̀ ọmọ ọdún 16 àti 17: ọ̀rẹ́ kan tí kò tíì pé ọdún 21 nínú ọkọ̀ fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu ikú awakọ̀, méjì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹni ọdún 35 sókè bá wà nínú ọkọ̀, ewu náà dín ní ìdá 62. Ọmọ tiwa ti dàgbà ju àwọn yẹn lọ, nítorí náà a kò lè gbé iye náà kà á lórí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibi tí ọ̀nà kọrí sí kò yàtọ̀. Bọ̀ọ̀dá, ẹni ọdún 38, gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, ó ní, "Ó wá tán, èmi ni bẹ́líìtì."

Ètò tuntun, àti ibi tó ti já

Lórílẹ̀-èdè New Zealand, láti 1987, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láìsẹ́ǹsì kì í ní àǹfààní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: òun nìkan kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí, kò sì gbọ́dọ̀ dá kó ọ̀rẹ́. Olùkọ́ náà gé irú rẹ̀ fún ilé kan ní Àkúrẹ́. Fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni Awakọ̀ lè gbé; bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, Bọ̀ọ̀dá gbọ́dọ̀ wà níwájú tàbí kí wọ́n wọ táàsì. Lọ́sàn-án, kò sí ààlà.

Nípa ọtí, wọn kò tún búra. Wọ́n fẹnu kò pé ẹni tí yóò wakọ̀ kò ní mu ẹ̀kán kan, kí wọ́n má sì máa ka ìgò fún un. Bí wọ́n ṣe ń yan ẹni náà ló gba àkókò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀, ó já: wọ́n jókòó tán, wọ́n mu tán, ní aago mẹ́wàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn pé ta ló mu kéré jù. Ẹni tó mu kéré jù kì í ṣe ẹni tí kò mu. Ọ̀fìn tí ọ̀pọ̀ ètò bẹ́ẹ̀ ń jìn sí nìyí, nílùú yìí àti níbi gbogbo. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nílé ni wọ́n ti ń yàn án kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà. Kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ sí àpò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn tó kù ló ń sanwó oúnjẹ àti mọ́ọ̀tì rẹ̀. Owó yẹn ṣe pàtàkì. Ó sọ ẹni tí kò mu di ẹni tí wọ́n ń ṣìkẹ́, kì í ṣe pásítọ̀ tó ń ba fàájì jẹ́. Ẹni-Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe fẹ́ káwọn ènìyàn mọ̀ lọ.

Ìjókòó iwájú náà di ipò iṣẹ́. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń mójú tó bẹ́líìtì gbogbo ènìyàn kí ọkọ̀ tó yí, òun ló ń di fóònù awakọ̀ mú, òun ló ń yí orin. Ẹni tó bá mu jù lọ á lọ jókòó lẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ìgò àkọ́kọ́, oníkálukú ń fi ẹgbẹ̀rún náírà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò wakọ̀, owó kẹ̀kẹ́ tàbí táàsì bí nǹkan bá yí. Bó bá kù, wọ́n á fi jẹ àkàrà lọ́jọ́ kejì. Bọ̀ọ̀dá sì ṣèlérí ohun kan: bó ti wù kó pẹ́ tó, kí wọ́n pe òun, òun á wá, òun kò sì ní bi ẹnì kankan léèrè títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ní oṣù kejì, ó já lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Awakọ̀ gan-an ni wọ́n yàn lọ́jọ́ yẹn. Kò mu bíà. Àmọ́ inú ń run ún, ọ̀kan nínú wọn sì fún un ní bítàsì nínú ife kékeré, ó ní kó fi lé e. Ó mu ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi énájì inú agolo là á. Lójú rẹ̀, àgbo ni. Bítàsì inú ìgò lè ní ọtí tó tó ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́jọ ti bíà. Énájì kì í sì í dín ọtí kù. Oorun ló ń lé, ojú ẹni á là, ọwọ́ ẹni á ṣì wúwo. Ọ̀rọ̀ páragà ní gáréèjì náà nìyí: bí wọ́n ti rẹ ewé àti egbò sí i, ó di oògùn lẹ́nu wa, a kì í tún kà á mọ́ ọtí.

Ẹni-Ẹ̀gbẹ́ ló rí ife kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí ó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ dà?" Ohun tó sọ nìyẹn, kò wàásù. Òun náà ti mu ìgò kan lọ́jọ́ yẹn, torí náà kò gba kọ́kọ́rọ́ láti wakọ̀. Ó gbà á láti fi pamọ́. Wọ́n pe Bọ̀ọ̀dá ní aago mọ́kànlá kọjá. Ó bá táàsì wá, ó wa Corolla padà sílé, kò sọ ju "Ẹ de bẹ́líìtì" lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àyípadà kejì wáyé, Màmá ló sì ṣe é. Ó gbọ́ pé ọmọ òun tún mu nǹkan. Gbogbo ilé ń retí ìjì. Olùkọ́ ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú pé bó bá pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pè, kò ní sí ìpè kejì, wọ́n á máa wakọ̀ bọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú ọmọ, ó ní, "O ṣeun tó o pè." Ó wọ yàrá lọ. Ọmọ náà sọ lẹ́yìn náà pé ó sàn kí Màmá na òun. Láàárín oṣù mẹ́rin tó tẹ̀lé e, wọ́n pe Bọ̀ọ̀dá lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Òun fúnra rẹ̀ ráhùn oorun, àmọ́ kò kọ̀ rí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà

Ààlà ọ̀rẹ́ kan ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọkọ̀ kò sì tún ní àpá. Awakọ̀ ṣì ń mu bíà lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe òun ló ni kọ́kọ́rọ́. Màmá kò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó mọ ọjọ́ tí ó jẹ́. Ẹni-Àárín kò bá wọn jáde mọ́. Èjìká rẹ̀ so, eyín àtọwọ́dá náà sì ná bàbá rẹ̀ ní owó tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìdílé méjì, ìjà tí kò tíì parí.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí níbòmíràn, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ni ti Ẹni-Ẹ̀gbẹ́: ta ni nínú ọkọ̀ náà ni kò mu, kí ló sì pa á lẹ́nu mọ́? Iye ìgbà tí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí jẹ́ "kò sí" kéré ju bí a ti rò lọ. Má béèrè pé "ṣé o yó?" Béèrè irú ìgò, agbára tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, àti aago tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì béèrè bítàsì lọ́tọ̀, torí wọn kò ní dárúkọ rẹ̀ fúnra wọn. Bí fídíò bá wà, wá ibi tí awakọ̀ ti ṣe dáadáa nínú rẹ̀ kó o tó wá ibi tó ti kùnà.

Ẹni-Iwájú ni ètò yìí kò rí mú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá. Lẹ́yìn náà bàbá rẹ̀ fún un ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ó ń ṣèrànwọ́ níṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì ti rí ọgbọ́n kan dá: kì í wakọ̀ lóru mọ́ bó bá mu. Á sùn, á jí ní aago méje, á wẹ̀, á wakọ̀ lọ. "Mo ti sùn, ojú mi ti dá." Ìgò márùn-ún ló sábà máa ń mu, láti aago mẹ́jọ alẹ́.

Ẹni-Ẹ̀gbẹ́ ṣe ìṣirò náà fún un lórí fóònù. Kílò 70, ìgò márùn-ún: bíi 0.25. Wákàtí mọ́kànlá, oorun wà nínú rẹ̀, yọ bíi 0.165 kúrò. Ní aago méje àárọ̀, nígbà tó bá ń gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ pẹ̀lú ojú tó dá, ó ṣì ku bíi 0.08 nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ju ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Awakọ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gun kọnkéré. Ó fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ padà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó kọ̀wé: "Aago mélòó ni mọ́tò Ọ̀wọ̀ àkọ́kọ́ máa ń gbéra láàárọ̀?"